Ìkìlọ̀ Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 9 Fẹ́búárì

Òjò ò dá láti àná. Lónìí náà, agogo méje kò tíì kọjá dáadáa tí app iṣẹ́ wa fi dì gbagidi. Àwọn olùtọ́jú wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn arúgbó láti Peckham dé Catford nínú London níbí, òjò ń lù wọ́n, wọ́n ń wo àmì kékeré tó ń yí bírí bírí lójú fóònù. Orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ wọlé tọ̀ ò jáde. Oògùn tó yẹ kí wọ́n fún un ò jáde. Nọ́ńbà tí wọ́n máa fi ṣí àpótí kọ́kọ́rọ́ ara ògiri pàápàá ò jáde.

Seth, ọ̀gá wa, pè mí sí yàrá rẹ̀ kí n tó bọ́ kóòtù. Kò pariwo. Ìgbà tí Seth ò bá pariwo ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Ó ní nígbà tí database, ibi tí à ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa sí, wà lórí ẹ̀rọ tiwa nínú yàrá ẹ̀yìn, gbogbo èèyàn ní ó ń lọ́ra. A kó o lọ sórí cloud, ẹ̀rọ ayálò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Jánúárì, ó wá burú sí i. Mo ní mò ń wò ó. Ó ní ṣebí nítorí kí n máa wò ó ni wọ́n ṣe gbà mí.

Òótọ́ kúkú ni. Ìparí Máàṣì ni oṣù ìdánwò mi máa pé, tí wọ́n á sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ.

Ọjọ́rú, 11 Fẹ́búárì

Seth ti gba ẹ̀rọ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni cloud. Ní àárọ̀ yìí, ohun tó máa ń dì ní agogo méje dì ní agogo méje ààbọ̀. Gbogbo èrè rẹ̀ nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Basit nígbà tó dé láti ẹnu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ń tú okùn bàtà, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyá Basit, tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀sì alájà méjì wá sí Rye Lane, ṣé ìyẹn ló máa ní kí títì fẹ̀?"

Jímọ́, 13 Fẹ́búárì

Lánàá mo rò pé ọwọ́ ti tẹ olè. Mo ní kí ẹ̀rọ ìṣọ́ mi, èyí tó ń ṣọ́ iṣẹ́ database, to gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi database lẹ́sẹẹsẹ, kí èyí tó lọ́ra jù wà lókè. Ìbéèrè àwọn tó ń ṣe owó oṣù ló yọjú, ó gùn bí ejò, odidi ìṣẹ́jú mélòó kan ló ń gbà. Mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa bi í ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbà. Mo sùn bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Àárọ̀ yìí, bákan náà ló dì. Mo ti sọ fún Seth pé ó ti tán. Ojú tì mí.

Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

Mo lọ ra nǹkan àwẹ̀ sílẹ̀ ní Rye Lane. Iṣu tí kò gùn tó apá mi, wọ́n ní pọ́n-ùn méjìlá. Mo fi í sílẹ̀, mo padà wá rà á. Ẹja ṣì dára. Òtútù mú débi pé ẹni tó ń gé e ń fẹ́ ìka rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti fi ọ̀bẹ gé e.

Nígbà tí mò ń bọ̀, bọ́ọ̀sì wa dúró pẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ẹja tó ń já ẹrù níwájú ló fà á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kúrò, a ò rìn. Mo wá jókòó mo ń wo ojú fèrèsé. Obìnrin kan fẹ́ kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, awakọ̀ dúró fún un. Ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì kó lè yẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pẹ́. Wọ́n kàn pọ̀ ni.

Mo ti ń wá èyí tó lọ́ra jù. Èyí tí wọ́n ń bi jù lọ ló yẹ kí n wá.

Ọjọ́ Ajé, 16 Fẹ́búárì

Mo ti rí i. Ìbéèrè kan tí kò gba ìṣẹ́jú rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí olùtọ́jú kan bá ṣí fóònù ni wọ́n ń bi í, lórí gbogbo arúgbó tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ọjọ́ náà. Ní agogo méje àárọ̀, tí gbogbo wọn bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè yìí nìkan ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹ̀rọ náà.

Irewọlé ló kọ ọ́, ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn méjì péré ni wọ́n kọ app náà níbẹ̀rẹ̀, èkejì ti lọ. Mo gbé àga tọ̀ ọ́.

"Irewọlé, mo ń bọ̀ wá dà ọ́ láàmú. Ìwọ lo kọ èyí?"

Ó wò ó. "Èmi ni o, Aunty Mìsí. Kí ló ṣe?"

"Ó ń ka gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti kọ nípa arúgbó kan látìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Lójoojúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"I know. Nígbà tí mo kọ ọ́, àwọn èèyàn tá à ń tọ́jú ò tó ogójì." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ó ń wá bóyá ẹnì kan ti kọ ọ́ pé wọ́n ṣubú, pé òòyì ń kọ́ wọn, pé wọn ò lè gbé oúnjẹ mì. Tó bá rí i, á gbé ìkìlọ̀ pupa sókè. Kí carer tó wọlé."

"Ta ló ní kó o kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́. Mummy mi ń ṣe carer. Èmi ni mo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá délé."

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. A jẹ sààrì, èmi àti Bàbá Basit. Basit pè láti Leeds pé òun náà ti jí, mo sì gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ pé orí ibùsùn ló wà. Ọlọ́run á gbà á.

Ìlà tó ń fi agbára ẹ̀rọ hàn gòkè bí ògiri láàárọ̀. Àwọn olùtọ́jú bú wa lórí fóònù títí di agogo mẹ́sàn-án.

Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Ìrìn àjò asán. Mo ṣe atọ́ka fún àwọn àkọsílẹ̀ náà, bíi èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ńlá, kí database má baà máa ṣí gbogbo ojú ìwé. Kò wúlò. Atọ́ka mi mọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ nìkan. Ohun tí Irewọlé ń wá máa ń fara pamọ́ sí àárín. Ó tún wá ń dá àwọn tó ń kọ̀wé dúró, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun ló gbọ́dọ̀ kọ sínú atọ́ka pẹ̀lú. Mo yọ ọ́ kúrò.

Orí ń fọ́ mi. Kì í ṣe ebi, àìmu tíì tí mo máa ń mu ní àárọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì

Seth pe ìpàdé. Ó gbé ìlà agbára ẹ̀rọ náà sára ògiri, ó sì bi mí pé tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi nìkan ló wà, kí ni n bá ṣe. Mo ní n bá pa ìbéèrè náà.

Irewọlé gbórí sókè. "Àwọn carer ń lò ó o."

Seth ní mélòó nínú wọn? Irewọlé ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ẹ̀rọ ìṣọ́ mi lè sọ iye ìgbà tí wọ́n bi ìbéèrè kan, ó lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Kò lè sọ ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ wúlò fún. Seth ní ó ti wà nínú òfin iṣẹ́ pé kí olùtọ́jú ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìkìlọ̀ pupa náà kò ju àlékún lọ.

Irewọlé dojú kọ mí. "Aunty Mìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un kọ ná. Ọ̀sẹ̀ méjì, that's all."

Mo wo ìlà náà. Mo rántí àwọn tó ń dúró nínú òjò. Mo sì rántí ìparí Máàṣì, n ò ní parọ́ fún ara mi. Mo ní ká pa á báyìí, tó bá yá ká tún un kọ.

Mo pa á kí n tó kúrò níbi iṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

Ìlà náà sùn sílẹ̀ gbalaja. Agogo méje, kò mira. Agogo méje ààbọ̀, kò mira. Fóònù ọ́fíìsì ò dún. Olùtọ́jú kan láti Stockwell kọ̀wé pé kí ni ẹ ṣe, ó yára bí iná.

Seth ra dónọ́ọ̀tì wá fún gbogbo wa, ó gbé páálí náà dé iwájú mi kó tó rántí pé mo gbààwẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi bébà wé méjì kí n mú lọ sílé. A fi ṣínu, èmi àti Bàbá Basit, lẹ́yìn dàbínù. Ó dùn.

Jímọ́, 6 Máàṣì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Irewọlé gba ìpè ní àárọ̀, ó dìde, ó sì jáde láìwọ kóòtù. Òun ló padà pè mí láti ọsibítù. Mummy rẹ̀, Mummy Magdalene, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú wa, ṣubú níbi iṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ wọn ti dá. Bàbá tí wọ́n ń tọ́jú ní Catford, Bàbá Ọlágòkè, ṣubú pẹ̀lú wọn, ó sì forí gbá kọ́bọ́ọ̀dù.

Gbogbo àárọ̀ ni Mummy máa ń fa Bàbá dìde lórí ibùsùn láìsí ẹnìkejì, nítorí Bàbá máa ń lè gbé ara wọn sórí ẹsẹ̀. Lónìí, ẹsẹ̀ òsì ò gbà. Bàbá dojú bolẹ̀, ó sì fa Mummy lulẹ̀.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ Bàbá náà. Olùtọ́jú ìrọ̀lẹ́ àná ti kọ ọ́ gbangba: òòyì kọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ òsì ń gbọ̀n, kí èèyàn méjì máa gbé wọn. Ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, nípa aṣọ tí wọ́n fọ̀, nípa ológbò aládùúgbò. Ká ní n kò pa á ni, ìkìlọ̀ pupa ìbá ti jáde. Mo lọ wò ó níbi tí mo ti mọ̀ pé n kò ní rí nǹkan kan, n kò sì rí nǹkan kan.

N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tan ìbéèrè náà padà, mo wá lọ sọ fún Seth pé mo ti tàn án. Mo ní kó jẹ́ kí ó máa lọ́ra. Ó ní ó dáa.

N kò lè lọ kí Jímọ́. Mo kírun ọ̀sán ní ibi ìkóǹkansí lẹ́yìn ọ́fíìsì, n kò sì tètè gbórí sókè nínú ìforíkanlẹ̀.

Àìkú, 8 Máàṣì

Mo lọ kí Mummy Magdalene nílé wọn. Oòrùn yọ díẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, aṣọ funfun wọn kún ọ̀nà àtẹ̀gùn, wọ́n ń wá bàtà wọn kiri. Wọ́n kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mummy wà lórí àga, wọ́n ti fi POP di ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ ni Aunty Mìsí tí Irewọlé máa ń sọ?"

"Èmi ni, Mummy. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìrora."

"Ewu ti fò lọ. Bàbá ni mò ń ro. Wọ́n ní àwọn ò tíì dá wọn sílẹ̀ lọ́sibítù."

Irewọlé dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó ti yẹ kó ti sọ fún wọn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò sọ ọ́, pé ó fi í sílẹ̀ fún mi.

"Mummy, ìkìlọ̀ pupa tó máa ń wà lórí fóònù yín, èmi ni mo pa á. Ó ń dá gbogbo nǹkan dúró, mo sì pa á. Irewọlé bẹ̀ mí kí n má pa á."

Mummy ń fi ọwọ́ tó kù na ìṣẹ́po aṣọ orí àga, wọ́n nà án títí tó fi tẹ́.

"Mo máa ń bú app yẹn," ni wọ́n wá wí. "Tí òtútù bá ń mú mi lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń bú ẹni tó ṣe é, mi ò rántí pé ọmọ mi ni mò ń bú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó yára, mo yin Olúwa. N kò rí pupa, mo ní, ó dáa, kò sí nǹkan. Ṣé o rí i? N kò mọ̀ pé wọ́n ti pa á. Mo rò pé kò sí nǹkan ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èébú lọ. A pa á, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé a pa á. Wọ́n wá gba ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò séwu.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan hàn mí lórí fóònù wọn. Láti ọ́fíìsì wa ni: kí wọ́n wá ṣàlàyé ní ọ̀la ìdí tí wọ́n fi gbé Bàbá láwọn nìkan, láìka àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n bi mí ìgbà tí mo máa ṣínu, wọ́n sì ní kí Irewọlé di mọ́ínmọ́ín fún mi. Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà. Wọ́n wò mí. Mo gba mọ́ínmọ́ín.

Ọjọ́ Ajé, 9 Máàṣì

Bàbá Basit ti mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Ní sààrì, ó ní, "Tí wọ́n bá lé ọ, o ṣì máa wá sílé." Ó wá bu omi fún mi.

Mo bẹ Seth kó jẹ́ kí n jókòó níbi ìpàdé náà. Arábìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bi Mummy Magdalene ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí wọn ò pe ẹnìkejì. Mummy dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé èèyàn kan ni ìwé sọ pé kó máa gbé Bàbá, wọn kò sì rí ohun tó sọ pé ó ti yí padà. Arábìnrin náà ní ó wà nínú àkọsílẹ̀ Ọjọ́bọ̀. Mummy ní àwọn ti ka ìdajì rẹ̀. Arábìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

Mo ní kó dúró ná. Mo fi ẹ̀rí méjì sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ìkìlọ̀ pupa ti jáde láti oṣù kìn-ín-ní, àti iye ìgbà tí olùtọ́jú tó rí i ti pe ọ́fíìsì fún ẹnìkejì kó tó fọwọ́ kan arúgbó náà. N kò wá a rí, àná ni mo fi wé àkọsílẹ̀ ìpè ọ́fíìsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà. Wọ́n ń lò ó. Wọ́n fọkàn tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tèmi ní 2 Máàṣì: orúkọ mi, ohun tí mo pa.

Mo ní, "Wọn ò ṣàìgbọràn. A gba ohun tó ń kìlọ̀ fún wọn, a ò sì sọ fún wọn pé a ti gbà á."

Seth ní ṣé ó dá mi lójú pé mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún arábìnrin náà pé kó kọ ọ́ pé òun Seth ló fọwọ́ sí i kí n tó pa á. N kò retí ìyẹn.

Wọ́n da ẹ̀sùn náà nù. Ní ọ̀nà àtẹ̀gùn, Mummy fi ọwọ́ tó kù gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì

Èmi àti Irewọlé ti bẹ̀rẹ̀. Tábìlì kan náà la jọ ń lò báyìí.

Ohun tí a rí kò ṣòro láti sọ: kí ló dé tí a fi ń wá ewu ní àárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àná ni wọ́n ti kọ ọ́? Nígbà tí olùtọ́jú bá ń kọ̀wé, ìgbà yẹn gan-an ni kí database ka àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, kó sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni náà. Tí ó bá di àárọ̀, àmì nìkan ni fóònù á bèèrè. Kò ní sí pé à ń ka ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni mọ́ kí a tó ṣílẹ̀kùn.

Irewọlé ní ká tún fi bọ́tìnì kan sí i, kí olùtọ́jú lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì náà sí. "Because, Aunty Mìsí, ẹlòmíràn á kọ pé 'he's not himself today'. Computer ò lè mọ̀ pé ìyẹn ni ewu."

Mo ní kí àmì náà má ṣe lè parẹ́ fúnra rẹ̀. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kó sì kọ ìdí. Mo tún ní tí a bá pa á rí, nítorí ohunkóhun, kí fóònù sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ ò ṣiṣẹ́ lónìí.

"Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù," ni Irewọlé wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín sí mi láti ọjọ́ Jímọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì

A ní láti ka gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àmì lè wà fún àwọn tó wà nílẹ̀. Mo ní kó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láàárín ọ̀sán, gbogbo nǹkan dì, wọ́n pè wá láti ilé arúgbó mẹ́ta. Mo dá a dúró. Mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo ní kó máa ka díẹ̀, kó sinmi, kó ka díẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ìlà náà ń mí sókè mí sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

Afẹ́fẹ́ ìta ti ń gbóná díẹ̀. Òùngbẹ ni ìṣòro báyìí.

Ọjọ́rú, 18 Máàṣì

Agogo méje àárọ̀. Èmi, Irewọlé, àti Seth dúró níwájú ìlà náà. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró níbẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù tí agbára rẹ̀ ká. Kò dì. Ìkìlọ̀ ń jáde. A fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo olùtọ́jú lánàá pé ohun tó yí padà rèé, bó ṣe yí padà rèé.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Kánsọ́lá, olùtọ́jú wa ní Stockwell, fi pe ọ́fíìsì pé òun rí pupa lórí ìyá tí òun fẹ́ wẹ̀, kí wọ́n rán ẹnì kan wá. Wọ́n rán ẹnì kan. Wọ́n wẹ ìyá náà. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Jímọ́, 20 Máàṣì

Ìtúnu Àwẹ̀. Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa. Basit wálé, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ nísinsìnyí, bàbá rẹ̀ ò sì gbà. Mo fi fóònù iṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀, mo sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 31 Máàṣì

Seth pè mí. Ó ní wọn kò ní lé mi, wọn kò sì tíì lè sọ pé mo ti dúró. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò mi. Ó ní òun ti jà fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́.

Mo rìn wálé. Mo rò pé inú á bí mi tí mo bá dé ìdajì ọ̀nà. Kò bí mi. Ó rẹ̀ mí ni.

Ọjọ́ Ajé, 27 Épírì

Mummy Magdalene padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Wọ́n ti já POP ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà sì ní kí wọ́n má tíì gbé nǹkan tó wúwo, nítorí náà èèyàn méjì ni wọ́n ń lọ pọ̀. Bàbá Ọlágòkè náà ti wà nílé láti ìgbà Ìtúnu. Wọ́n kọ̀ fún ẹlòmíràn láti máa wẹ àwọn, wọ́n ní àwọn ń dúró de Magdalene.

Fóònù mi dún, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí iṣẹ́.

"Mìsítúrà, ẹnu ọ̀nà Bàbá ni mo wà. Ó ti jáde kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Pupa. Wọ́n ní kí èèyàn méjì gbé wọn, kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n jókòó sétí ibùsùn dáadáa."

"Ẹ ṣeun, Mummy. Báwo ni ọwọ́?"

"Ó ń dun mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Èèyàn ti di rédíò tó ń sọ ojú ọjọ́." Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí, tí wọ́n wọlé, tí wọ́n kí Bàbá ní ohùn òkè. Bàbá dáhùn láti inú yàrá, ohùn wọn gbẹ, ó le.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, Magdalene? Ṣé dókítà ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹni tó ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dá dìde ni."

"Kí ló kàn án níbẹ̀?"

Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Irewọlé yíjú wò mí láti ìdí fèrèsé. Mo gbọ́ tí Mummy ń sọ fún ẹnìkejì pé kó di apá ọ̀tún mú, kí òun di òsì. Wọ́n ní kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ. Wọ́n pa fóònù.